Omi Òkun Tí A Gbé Gun Òkè Adó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá jókòó níwájú ilé mi nírọ̀lẹ́, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára jù láti kọ́, mo ti mọ̀ yín. Owó lẹ ń béèrè, ẹ kàn ń fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bò ó lójú ni. Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti owó kúrò nílẹ̀: iṣẹ́ mi kò sọ mí di olówó, kò sì jẹ́ kí n fi ebi sùn. Ó parí. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni irú èèyàn tí iṣẹ́ máa ń sọ èèyàn dà. Ní tèmi, ó sọ mí di ẹni tó ń fura sí gbogbo nǹkan. Bí ìyàwó mi bá ní ọbẹ̀ ti jinná, màá ṣí ìkòkò wò. Bí nọ́ọ̀sì bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀, màá ní kó tún un wọ̀n. Àwọn ọmọ mi ti bá mi sọ ọ́ títí, ó ti sú wọn.

Láàbù ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀ bí afọgò, mo sì parí rẹ̀ bí olórí àwọn òṣìṣẹ́ láàbù. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Adó níbí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo wa wà nígbà náà, àwọn ológun sì ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdìrì ni. Wọ́n gbà mí lọ́jọ́ Ajé, mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Dókítà Fálówó. Ọmọ Ìyìn ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lókè òkun kó tó padà wálé. Ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Adó kì í pè é ní Fálówó, Dókítà Òkúta ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn nǹkan tó ń sìn nínú táǹkì gíláàsì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé nǹkan funfun kan tó rí gáungàun lé mi lọ́wọ́.

“Kí nìyí?”

“Òkúta ni, sà.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Mo fojú ara mi rí i ni, sà.”

“Ojú ẹ kò tíì gba iṣẹ́ níbí,” ló wí. “Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ́ ọ.”

Iyùn ni. Kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí àwọn ìjòyè máa ń wọ̀ sọ́rùn o. Èyí ni iyùn tó máa ń mọ odi sínú òkun. Ẹranko kéékèèké, tí òmíràn kò ju hóró ọkà bàbà lọ, ló máa ń kóra jọ lọ́pọ̀ yanturu, tí wọ́n á fi ohun líle bí egungun kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Nínú ara ẹranko kọ̀ọ̀kan ni àwọn ewéko tó tún kéré ju ìyẹn lọ wà. Àwọn ewéko yìí ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn dáná oúnjẹ fún un, àwọn náà ló ń fún un ní àwọ̀. Bí omi bá gbóná jù, tàbí tí iyọ̀ rẹ̀ bá dín, ìnira á dé bá iyùn, yóò lé ewéko náà jáde, yóò sì funfun báláú. Kò tíì kú nígbà náà. Ebi ló ń pa á. Bí nǹkan kò bá tètè yí padà, á kú. Ọ̀gá sọ pé ní ọ̀pọ̀ ibi nínú òkun ayé, àwọn odi iyùn wọ̀nyí ń kú lọ, ẹja tó ń gbé inú wọn kò sì ní rí ibòmíràn wọ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí a ṣe lè dá àìsàn iyùn mọ̀ kó tó funfun, àti pé èyí tó ti funfun, ṣé ó lè padà bọ̀ sípò?

Mo bi í pé kí ló dé tí kò ṣe iṣẹ́ òkun létí òkun. Ó wò mí bí ẹni pé mo jí nǹkan rẹ̀.

“Létí òkun, àìsàn lè gba ibikíbi wọlé. Níbí, kò sí ohun òkun kankan tó lè dé inú táǹkì yìí àfi bí èèyàn bá gbé e wá. Bí nǹkan bá bàjẹ́, mo fẹ́ mọ ẹni tó gbé e wá.”

Bó ṣe ń ronú nìyẹn. Kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, kò sì fi pamọ́.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi fọ ìgò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ń fọ ìgò kọ̀ọ̀kan, láìlo ọṣẹ. A kò gbọdọ̀ fi òrí pa ọwọ́, a kò gbọdọ̀ fi lọ́fíńdà sára. Láràárọ̀, ọ̀gá á ní kí n na ọwọ́ mi, á gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ti jẹ àkàrà lójú ọ̀nà, ó lé mi padà sílé. Mo bínú débi pé mo fẹ́ẹ́ má padà wá, ìyá mi ló tì mí jáde.

Lẹ́yìn náà ló wá fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀. Bírò ni a fi ń kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù, kí ẹnikẹ́ni má bàa pa nǹkan rẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kọ pé, “Ó jọ bí ẹni pé àwọ̀ iyùn kẹta ti ń ṣá.” Ó pè mí, ó fi ìka lé e.

“Kí ni ‘ó jọ bí ẹni pé’?”

“Bí mo ṣe rí i nìyẹn, sà.”

“Ó ṣá tàbí kò ṣá. Bí o kò bá mọ̀, kọ pé o kò mọ̀. ‘Ó jọ bí ẹni pé’ kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé yìí mọ́.”

Láti ọjọ́ yẹn, kò wọ ibẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìlà pupa. Ọ̀gá ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára táǹkì kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni omi gbọdọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n omi máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, iyọ̀ kì í sì bá a lọ. Ẹ ti rí ọbẹ̀ tí a gbàgbé sórí iná rí: bó ṣe ń gbẹ ni iyọ̀ rẹ̀ ń le sí i. Nítorí náà, láràárọ̀, màá lọ bu omi òjò nínú dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn láàbù, màá fi kún táǹkì títí yóò fi kan ìlà. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i tí omi àti ìlà bá ara wọn mu. Mo rò pé bí ìlà bá ti pé, ohun gbogbo ti pé.

Iyọ̀ náà, nǹkan gíláàsì kan ni a fi ń wọ̀n ọ́, gígùn rẹ̀ tó bírò, ó máa ń léfòó nínú omi, a ó sì ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Adó.

Ẹni tó ń bá wa gbé omi òkun wá ni Bùrọ̀dá Jídé, dírẹ́bà ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ Ìgèdè ni, ó fi bí ọdún mẹ́fà jù mí lọ, aláwàdà èèyàn. Ní oṣooṣù, yóò kó kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn ọkọ̀, yóò wa ọkọ̀ lọ sí Èkó, yóò kọjá ọ̀sà, yóò dé etí òkun gan-an, yóò wọ omi dé ìbàdí, nítorí ọ̀gá ní òun kò fẹ́ omi etí bèbè. Omi ọ̀sà kò dára fún wa, omi odò ti dà pọ̀ mọ́ ọn, iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Bí Bùrọ̀dá Jídé bá ti dé, yóò pè mí láti ojú ọ̀nà pé, “Afọgò, wá gba òkun ẹ.” Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó ni, Bọ́sẹ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Igbemo.

Ẹnì kan ṣoṣo tó tún máa ń wọlé wá ni ìyá ọ̀gá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìyìn. Ní gbogbo ọjọ́rú ló máa ń wọ ọkọ̀ láti Ìyìn wá, yóò gbé iyán àti ọbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ilé àdúrà ló ń lọ, aṣọ funfun kì í kúrò lára rẹ̀, bàtà kì í sì í wọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀gá bá lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Màmá á jókòó ti táǹkì, á máa wo bí mo ṣe ń bu omi òjò sí i, á máa súre fún mi. Ọ̀gá ń gbóòórùn ọwọ́ gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò gbóòórùn ọwọ́ ìyá rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, mò ń fọ nǹkan gíláàsì tí a fi ń wọn iyọ̀, ó yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ sínú síǹkì. Mo lọ jẹ́wọ́. Ọ̀gá kò bú mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá mi sọ̀rọ̀, ó kàn ń tọ́ka sí ohun tó bá fẹ́. Ìyẹn burú ju èébú lọ. Ó kọ lẹ́tà sókè òkun pé kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ sì mọ bí lẹ́tà ṣe ń rìn nígbà náà.

Láàárín ìgbà yẹn ni Bùrọ̀dá Jídé gbé omi dé. Kò sí ohun tí a lè fi wọ̀n ọ́. Mo ti ìka bọ kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, mo tọ́ ọ wò. Ó mú lẹ́nu, ó korò díẹ̀ lẹ́yìn, bí omi òkun ṣe máa ń rí.

“Ó tó àbí kò tó?” ni Bùrọ̀dá Jídé bi mí.

“Ó tó, Bùrọ̀dá.”

Mo dà á sínú táǹkì. N kò kọ ọ́ sínú ìwé, torí ọ̀gá kì í gba ahọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun èlò.

Ọ̀sẹ̀ kejì, iyùn kan ní táǹkì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti etí. Lọ́jọ́ kejì, méjì. Iyùn mọ́kànlá ni a ní, láti erékùṣù kan tó wà láàárín òkun ni wọ́n ti kó wọn wá pẹ̀lú wàhálà ńlá, kò sì sí ibi tí a ti lè tètè rí òmíràn. Kó tó di ìparí oṣù, mẹ́jọ ti funfun bí ẹfun. A wo ooru omi, kò sí nǹkan. A wo iná orí táǹkì, kò sí nǹkan. Ìlà pupa pé gérégé. Ọ̀gá kò jẹun mọ́. Ó ń wo ọwọ́ mi, ó ń wo bàtà mi, ó tú àpò mi lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará ìta ní òkúta rẹ̀ ti ń bínú sí i. Nígbà tí ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ wá dé láti òkè òkun, a tì í bọ táǹkì. Iyọ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an.

“Omi ọ̀sà ni Jídé bù wá,” ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ kéré. Ó yíjú sí mi. “Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé o tọ́ ọ wò?”

“Mo tọ́ ọ wò, sà.”

“Báwo ló ṣe rí?”

Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ nìyí. Mo mọ bó ṣe rí. Ó mú lẹ́nu bí omi òkun. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọ́ gíláàsì. Bí omi bá dára nígbà tó dé, a jẹ́ pé inú láàbù ló ti bàjẹ́, èmi ni mo sì wà nínú láàbù. Ẹ̀rù bà mí. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ahọ́n ara mi.

“Ó jọ bí ẹni pé kò fi bẹ́ẹ̀ mú lẹ́nu, sà.”

Ọ̀gá tí kì í gba “ó jọ bí ẹni pé” gbà á lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n pe Bùrọ̀dá Jídé sí ọ́fíìsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun wọ òkun dé ìbàdí, pé ṣòkòtò òun ṣì ní iyọ̀ lára. Ó ní, “Ẹ bi afọgò, ó tọ́ ọ wò lójú mi.” Mo wo ilẹ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò mọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé Ìgèdè pé kò dé etí òkun rárá, pé ọ̀sà ló máa ń bu omi, pé ọjọ́ tó fi ń pẹ́ ní Èkó, ọ̀dọ̀ obìnrin kan ló máa ń wà. Ta ló sọ ti obìnrin? N kò mọ̀. Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn kò bá lọ sí ibi tó ní òun lọ, àwọn èèyàn á bá a wá ibòmíràn fi í sí. Kí oṣù náà tó parí, Bọ́sẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí Igbemo.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá dírẹ́bà tuntun lọ sí Èkó. Ó dúró létí òkun wò ó títí ó fi bu omi tán. Bí a ti dé, a wọ̀n ọ́, iyọ̀ rẹ̀ pé. A pààrọ̀ omi táǹkì. Àwọ̀ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sára iyùn kan, inú wa dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo tún ti ohun ìwọ̀n bọ omi. Iyọ̀ ti tún lọ sílẹ̀.

Mo jókòó sórí àpótí. Mo mọ̀ ní wákàtí yẹn pé Bùrọ̀dá Jídé kò jẹ̀bi. Ọ̀gá náà mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, “Èmi àti ìwọ nìkan la ní kọ́kọ́rọ́.” Ó wò mí títí. “Mo fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí o kò bá sọ ohun tí ò ń ṣe sí omi yìí fún mi, màá fà ẹ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà sórí èmi náà. Oorun dá lójú mi. Mo ń wọn iyọ̀ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń kọ ọ́. Ajé, kò yí padà. Ìṣẹ́gun, kò yí padà. Mo yẹ ìwé wò sẹ́yìn. Ọjọ́rú kan ṣoṣo ló wà láàárín ọjọ́ tí a pààrọ̀ omi àti ọjọ́ tí mo rí i pé iyọ̀ ti lọ sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e dé, mo ní mo ń lọ jẹun lọ́sàn-án, mo jáde láìti láàbù, mo sì gba ẹ̀yìn wọ yàrá ìkẹ́rùsí, mo fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí n lè máa wòye.

Màmá Ìyìn ló wọlé. Ó gbé oúnjẹ sórí tábìlì. Ó kúnlẹ̀ níwájú táǹkì, ó gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, ó fa kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan yọ lábẹ́ ìborùn rẹ̀, ó mú ife, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi òkun sínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó kún, ó jáde lọ sí ẹ̀yìn, ó bu omi òjò nínú dúrọ́ọ̀mù wá, ó ń dà á sínú táǹkì, ó tẹ̀ ba, ó ń wo ìlà pupa títí omi fi kàn án. Ó ṣe é dáadáa ju bí mo ṣe ń ṣe é lọ.

Mo jáde. “Màmá, kí lẹ ń ṣe yìí?”

Kò ta gìrì. “Omi òkun ni mo bù, ọmọ mi. Àwọn obìnrin ilé àdúrà wa ń fi í wẹ̀. Àwọn tó ń wá ọmọ, àwọn tí ara wọn kò yá. Ní gbogbo Èkìtì, ibo la ti fẹ́ rí omi òkun? Mo rí ti ulé yìí, mo ní Ọlọ́run ló gba ọwọ́ ọmọ mi fi í ránṣẹ́ sí wa. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

“Ẹ ti ń bù ú láti ìgbà wo?”

“Ó tó ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí nǹkan gíláàsì yín fọ́. Ṣùgbọ́n mò ń dá a padà. Ṣebí ìwọ náà ń bu omi òjò sí i láràárọ̀? Mo wò ọ́ dáadáa. N kò jẹ́ kó dín kù rí.”

Mo ṣàlàyé fún un, bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín: afẹ́fẹ́ kì í gbé iyọ̀ lọ, ife tirẹ̀ ń gbé e lọ. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó wo àwọn iyùn funfun náà.

“Ṣé èmi ni mo pa uṣẹ́ ọmọ mi?”

N kò tíì dáhùn tí ọ̀gá fi wọlé. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ fún un, lórí ìkúnlẹ̀, kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá gbé ìyá rẹ̀ dìde, ó nu orúnkún aṣọ rẹ̀, ó ní kó lọ jókòó, òun ń bọ̀ wá jẹun. Nígbà tí Màmá jáde tán, ọ̀gá yíjú sí ògiri, ó sunkún. N kò mọ̀ pé irú ọkùnrin yẹn lè sunkún.

Lẹ́yìn náà ló tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo gbà á. Mo wá bi í pé, “Bùrọ̀dá Jídé ńkọ́, sà?”

Ó ní, “Bí a bá pè é padà, a máa sọ ìdí tí a fi pè é. Bí a bá sọ ìdí, ìyá mi kò ní lè jáde mọ́ ní Ìyìn, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn náà kò ní lè jáde. Jẹ́ kí n wá iṣẹ́ mìíràn fún un níbòmíràn.”

N kò jiyàn. Kí ẹ má rò pé nítorí Màmá nìkan ni. Bí wọ́n bá pe Bùrọ̀dá Jídé padà, wọ́n á tún bi mí ohun tí ahọ́n mi sọ. Ọ̀gá kọ lẹ́tà méjì nítorí rẹ̀, èsì kò wá, ó sì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Iyùn mẹ́rin ló yè. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti funfun báláú gba àwọ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn tí a tún iyọ̀ omi ṣe, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń kọ bó ṣe ń padà. Ọ̀gá kọ ìwé lé e lórí. Ó kọ òtítọ́, pé iyọ̀ dín nítorí àṣìṣe inú láàbù, kò kàn dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lókè òkun fi ìwé náà ṣiṣẹ́. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀: wọ́n rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn nítorí àkọsílẹ̀ mi mọ́.

Láti ibẹ̀, ọdún ń yí lu ọdún. Awò tí a fi ń wo nǹkan kéékèèké, tí a máa ń yí dígí rẹ̀ sí oòrùn, di oníná. Gíláàsì tó ń léfòó di ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ nọ́ńbà sójú ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń fẹ́ràn rẹ̀ torí ó yára. Mo máa ń ní kí wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n máa ń bínú. Mo ṣiṣẹ́ lórí ẹja, lórí ìgbín odò, lórí omi mímu. Iyùn kò tún dé Adó mọ́. Màmá Ìyìn kú, ọ̀gá ṣe òkú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yá, ọ̀gá náà kú. Lọ́jọ́ tí a sin ín, mo rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni tí mo tún lè fi bojú.

Síbẹ̀, mo fi í falẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wá lọ sí Ìgèdè, Bùrọ̀dá Jídé ti hu ewú, ó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe níwájú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú epo ẹ̀rọ, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí gíláàsì tó fọ́ títí dé ohun tí mo sọ fún ọ̀gá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ títí.

“Èmi ti mọ̀ pé mo dé òkun,” ló wí. “N kò nílò kí o sọ ọ́ fún mi. Dìde. Ẹni tó yẹ kí o lọ sọ fún wà ní Igbemo.”

Mo lọ sí Igbemo. Bọ́sẹ̀ ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ọkọ náà ti kú, Ìyá Fúnmi ni wọ́n ń pè é. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi. Mo sọ ọ́ fún òun náà. Mo ní Jídé kò parọ́, kò sí obìnrin kankan, òkun ló lọ.

“Nígbà tí ẹ tọ́ omi náà wò,” ló bi mí, “kí lẹ rí?”

“Iyọ̀ òkun.”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“N kò tíì rí òkun títí dòní. Ní gbogbo ìgbà tí Jídé bá lọ, ó máa ń bu ìgò kan wá fún mi, kí èmi náà lè mọ bó ṣe rí. Ti ọjọ́ yẹn náà, ó bù ú wá. Mo tọ́ ọ wò lọ́jọ́ tó dé. Nígbà tí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, mo tún tọ́ ọ wò. Iyọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Orí tábìlì ni ìgò náà wà nígbà tí mò ń di ẹrù mi.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi lọ?”

“Wọ́n ní ọ̀mọ̀wé kan ní láàbù Adó ti tọ́ ọ wò, ó ní kì í ṣe omi òkun.” Ó wò mí lójú. “Mo ní ahọ́n tèmi ni kò mọ nǹkan.”